Báńkì àpapọ̀ fi kún èlé, ọjà tún ń wọ́n sí i: èwo ló fa èwo?

Òǹkàwé kan kọ̀wé báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Gbogbo ìgbà tí báńkì àpapọ̀ bá fi kún èlé ni wọ́n máa ń ní torí kí ọ̀wọ́ngógó lè rọlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo kó ìṣirò orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan jọ, mo sì rí i pé ibi tí èlé ti ga jù náà ni ọjà ti wọ́n jù, àti pé lẹ́yìn tí wọ́n bá fi kún èlé tán, ọjà tún máa ń wọ́n sí i fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn kan ní èlé gan-an ló ń fa ọ̀wọ́ngógó, torí pé ẹni tó yá owó ṣòwò á gbé èlé náà lé orí ọjà. Kí ló wá dé tí àwọn olùwádìí fi ta kú pé òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́? Àbí torí pé báńkì àpapọ̀ ló ń san owó oṣù púpọ̀ nínú wọn ni?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ohun tí ẹ rí nínú ìṣirò yẹn, òótọ́ lẹ rí, ẹ ò ṣì í kà. Kódà bí ẹ bá kó ogójì orílẹ̀-èdè jọ dípò mélòó kan, ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ kò ní yàtọ̀. Ìtumọ̀ tí àwọn kan fún un ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ìṣirò yẹn fi hàn pé èlé àti ọ̀wọ́ngógó jọ ń rìn. Kò tíì sọ èyí tó ń fa èkejì lọ́wọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwádìí lórí iṣẹ́ báńkì àpapọ̀, mo sì lè sọ fún yín pé ibi tí ẹ dúró sí yẹn ni àwọn ọ̀mọ̀ràn iṣẹ́ yìí náà dúró sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ń wá ọ̀nà àbáyọ. Ohun tó dára jù tí wọ́n ti ṣe jáde, ìbéèrè yín ló bí i.

Ẹ jẹ́ ká wo bí èlé ṣe ń gòkè ná. Ìgbìmọ̀ báńkì àpapọ̀ kì í ṣẹ́ kèké kí wọ́n tó fi kún èlé. Wọ́n á jókòó ti ìròyìn: bí ọjà ṣe gbówó lórí sí lóṣù tó kọjá, bí owó iṣẹ́ ṣe ń lọ, iye epo rọ̀bì lọ́jà àgbáyé, iye pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ wọn. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni àsọtẹ́lẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ṣe nípa ọdún tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá rí i pé ọ̀wọ́ngógó ń bọ̀, wọ́n á fi kún èlé kó tó dé. Ẹni tó rí i pé ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀ á mú agbòjò dání kó tó jáde. Àlejò tí kò gbójú sókè rí, tó kàn ń ka iye agbòjò tó ń kọjá àti iye ìgbà tí òjò rọ̀, lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé agbòjò ló ń fa òjò, ìṣirò rẹ̀ á sì bá a mu délẹ̀délẹ̀. Ohun tí báńkì ti mọ̀ kó tó ṣe ìpinnu kò sí nínú àwòrán tí ẹ yà. Ẹ tún wo èyí: ká ní báńkì kan mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì, tó ń fi kún èlé gẹ́lẹ́ bí ó ṣe yẹ ní gbogbo ìgbà, ọ̀wọ́ngógó ibẹ̀ á dúró lójú kan, èlé nìkan ni á máa lọ sókè sódò. Ẹni tó bá wo ìṣirò ibẹ̀ á ní èlé kò wúlò fún nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ibi tó ti wúlò jù nìyẹn.

Lọ́dún 1992, Christopher Sims, ará Amẹ́ríkà tó padà gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2011 pẹ̀lú Thomas Sargent, kó ìṣirò Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì àti Jàpáànì jọ. Ọ̀nà ìṣirò tó lò jẹ́ kí èlé, iye ọjà, iye owó tó ń yí láwùjọ àti iṣẹ́ ṣíṣe máa fa ara wọn bí wọ́n bá ṣe fẹ́, láìsí pé olùwádìí ti pinnu ìdáhùn sílẹ̀. Ohun tí ẹ rí lòun náà rí: lẹ́yìn tí èlé bá gòkè, ọjà ń wọ́n sí i. Martin Eichenbaum, tó fèsì sí iṣẹ́ náà, pè é ní àdììtú iye ọjà, orúkọ yẹn ni wọ́n sì ń pè é títí di òní. Àlàyé Sims ni pé báńkì ti mọ nǹkan nípa ọ̀wọ́ngógó tó ń bọ̀ tí kò sí nínú ìṣirò òun. Nígbà tí wọ́n fi iye àwọn ohun bí epo rọ̀bì lọ́jà àgbáyé kún un, torí pé ọ̀wọ́n wọn sábà máa ń ṣáájú ọ̀wọ́n ohun gbogbo, àdììtú náà dín kù. Kò tán.

Tọkọtaya onímọ̀ kan, Christina Romer àti David Romer, ló sún mọ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà jù lójú tèmi. Ní 1989, wọ́n ka àkọsílẹ̀ ìpàdé báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà láti ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ti parí, wọ́n ń wá ìgbà tí ìgbìmọ̀ náà fẹnu ara wọn sọ ọ́ pé àwọn ṣetán kí iṣẹ́ rọlẹ̀ níwọ̀n bí ọ̀wọ́ngógó á bá dín kù. Ìgbà mẹ́fà péré ni wọ́n rí, àkọ́kọ́ ní October 1947, ìkẹyìn ní October 1979. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gidigidi torí pé wọn ò kọ́kọ́ gbé ìṣirò; wọ́n jókòó ka ìwé bí òpìtàn, wọ́n sì gbọ́ ìdí tí àwọn tó ṣe ìpinnu fi ṣe é. Ní 2004 wọ́n tún gbé e yẹ̀ wò. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kó àsọtẹ́lẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì náà máa ń kọ fún ìgbìmọ̀ ṣáájú ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ìwé àṣírí tí aráyé kì í rí àfi lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùn-ún. Wọ́n bi ara wọn pé: pẹ̀lú ohun tí ìgbìmọ̀ mọ̀ lọ́jọ́ yẹn, níbo ló yẹ kí wọ́n gbé èlé sí? Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ibi tí ìgbìmọ̀ gbé e sí gan-an. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, tí àsọtẹ́lẹ̀ kò lè ṣàlàyé, ni wọ́n mú lò, torí pé kì í ṣe ọ̀wọ́ngógó tó ń bọ̀ ló fà á. Nígbà míì, ó lè jẹ́ pé ẹni tó wà lórí àga ní èrò tirẹ̀, tàbí pé ohun míì ló gba ìgbìmọ̀ lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n fi ojú yìí wo ọdún 1969 sí 1996, àdììtú yẹn pòórá. Fún nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn tí èlé gòkè, iye ọjà fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira; ẹ̀yìn ìyẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ sí ibi tí ì bá wà, iṣẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ sì ti kọ́kọ́ rọlẹ̀ kó tó rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà míì wà tó jẹ́ pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ló ń wò. Láti February 1994 ni báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ń kéde ìpinnu rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ṣe é. Àwọn oníṣòwò ọjà owó sì ti máa ń ta àdéhùn lórí ibi tí wọ́n rò pé èlé máa wà, tó fi jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń retí ti wọ inú iye àdéhùn náà. Refet Gürkaynak, Brian Sack àti Eric Swanson, nínú iṣẹ́ wọn ti 2005, wo iye yẹn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú ìkéde àti ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá yí láàárín àkókò kékeré yẹn, ìkéde náà ló yí i. Ṣùgbọ́n Emi Nakamura àti Jón Steinsson fi hàn ní 2018 pé bí èlé bá gòkè ju bí wọ́n ṣe retí lọ, àwọn tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ọrọ̀ ajé a máa sọ pé ọrọ̀ ajé máa dára sí i, bíi pé wọ́n rò ó pé báńkì ti rí ohun rere kan tí àwọn ò rí. Michael Bauer àti Swanson kò gbà pé bó ṣe rí nìyẹn; wọ́n ní ìròyìn kan náà ni báńkì àti àwọn alásọtẹ́lẹ̀ jọ ń fèsì sí. Àríyànjiyàn náà ṣì ń lọ.

Ní ti pé ọjà ń wọ́n sí i fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí èlé gòkè, bó ṣe máa ń pẹ́ tó ló fà á. Ẹni tó ti yá owó lọ́dún tó kọjá ní èlé tí kì í yí padà kò tíì mọ nǹkan kan lára. Owó oṣù tí wọ́n ti fọwọ́ sí ṣì ń lọ bẹ́ẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ni wọ́n á kọ́ parí. Èyí tí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n á dá dúró. Tomáš Havránek àti Marek Rusnák kó ìwádìí 67 jọ ní 2013, lórí orílẹ̀-èdè 30. Ní ìpíndọ́gba, oṣù 29 ni ó ń gbà kí ipa èlé lórí iye ọjà tó dé góńgó rẹ̀, bí báńkì bá sì gbé èlé láti, ká ní, 5% sí 6%, iye ọjà á fi nǹkan bí 0.9% rẹlẹ̀ sí ibi tí ì bá wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú sí gbólóhùn yẹn: sí ibi tí ì bá wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ọ̀wọ́ngógó bá rọlẹ̀, ọjà á padà sí iye ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n á sì ní wọ́n tan àwọn jẹ nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyára tí ọjà fi ń gbówó lórí ni ó ń dín kù. Iye tó ti gùn dé, ibẹ̀ ni ó sábà máa ń wà.

Bí ẹ bá ń wá ibi tí wọ́n ti dán èrò àwọn tó ní èlé ló ń fa ọ̀wọ́ngógó wò lójú ayé, ẹ lọ wo Tọ́kì. Ààrẹ Recep Tayyip Erdoğan sọ ọ́ ní gbangba fún ọdún pípẹ́ pé èlé ni okùnfà, ọ̀wọ́ngógó ni àbájáde. Láti September sí December 2021, báńkì àpapọ̀ ibẹ̀ gé èlé láti 19% wá sí 14%, ó sì tún ń gé e lọ lẹ́yìn náà. Ọ̀wọ́ngógó tó tó nǹkan bí 19.6% ní September yẹn di 36% kí ọdún tó parí, nígbà tó sì fi máa di October 2022 ó ti gùn dé 85.5%, nínú ìṣirò ìjọba fúnra wọn. Owó lírà ti já wálẹ̀ gan-an, ohun gbogbo tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun sì bá a wọ́n. Lẹ́yìn ìdìbò 2023 ni wọ́n yí padà: láti June ọdún náà, wọ́n gbé èlé kúrò ní 8.5% títí ó fi dé 50% ní March 2024. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ọ̀wọ́ngógó tó wà ní 38% ní June 2023 gòkè dé 75% ní May 2024, kó tó wá sọ̀ kalẹ̀ sí 44% ní December. Ẹni tó bá mú ọdún kan àkọ́kọ́ yẹn nìkan á búra pé èlé ló gbé ọjà gòkè. Ẹni tó bá wo gbogbo rẹ̀ láti 2021 á rí nǹkan míì. Síbẹ̀, mi ò ní pè é ní ẹ̀rí tó parí ẹjọ́, torí pé ogun tí Rọ́ṣíà gbé ja Ukraine ní February 2022 gbé iye epo àti gáàsì gòkè káàkiri ayé, wọ́n sì tún fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ní Tọ́kì lọ́pọ̀ ìgbà láàárín àkókò náà.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ní oníṣòwò á gbé èlé lé orí ọjà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ rárá. Wright Patman, aṣòfin láti Texas, jà fún un fún ọdún gbọọrọ ní ilé aṣòfin Amẹ́ríkà. Marvin Barth àti Valerie Ramey wádìí rẹ̀ ní 2001, wọ́n sì rí i nínú ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan jáde pé èlé ń wọ inú iye owó tí wọ́n fi ń ṣe ọjà. Nítorí náà, ó wà. Ohun tí àwọn tó ń sọ ọ́ gbàgbé ni ẹni tó ń ra ọjà. Òun náà yá owó, tàbí ó fẹ́ yá a; nígbà tí èlé bá ga, á ra díẹ̀ tàbí kó sún rírà síwájú, oníṣòwò tó fẹ́ gbé ẹrù èlé lé e lórí á sì rí i pé ọjà òun kò tà. Yàtọ̀ sí èyí, èlé tó wọ inú iye ọjà á gbé e gòkè lẹ́ẹ̀kan ni, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀wọ́ngógó tó ń dààmú ayé ni èyí tí kò dáwọ́ dúró, tó ń tẹ̀ síwájú lóṣooṣù.

Ibi tí ẹ ti ní orílẹ̀-èdè tí èlé rẹ̀ ga jù ni ọjà rẹ̀ wọ́n jù, Irving Fisher, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé rẹ̀ kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa. Kò sí ẹni tó máa yá ènìyàn lówó ní èlé 5% níbi tó ti ń retí pé ọjà á fi 40% gbówó lórí. Á fi ohun tó ń retí kún èlé rẹ̀. Nítorí náà, iye tó wà lójú pátákó kọ́ ló ń sọ bóyá èlé le tàbí ó rọ̀. Ní Tọ́kì ní October 2022, 10.5% ni èlé báńkì àpapọ̀, ọ̀wọ́ngógó sì jẹ́ 85.5%, ẹni tó bá yá owó jèrè nìyẹn, ẹni tó fowó pamọ́ ló ń san èlé. Láti inú ọ̀rọ̀ Fisher yìí ni àwọn onímọ̀ òde òní kan ti fa èrò kan jáde tó jọ ti àwọn tí ẹ gbọ́. Martín Uribe, nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2022, ní bí báńkì bá gbé èlé sókè tí gbogbo ayé sì gbà pé ibẹ̀ ni á wà títí, ọ̀wọ́ngógó lè bá a gòkè, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, á rọlẹ̀. Mo ka iṣẹ́ náà sí. Mi ò rò pé ó ran ẹni tó fẹ́ gé èlé lónìí kí ọjà lè dínwó lọ́la lọ́wọ́, torí pé kò sí báńkì tó rọrùn fún láti mú kí aráyé gbà pé ohun tí òun ṣe lónìí kò ní yí padà mọ́.

Ní ti ẹni tó ń san owó oṣù, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè, àwọn olùwádìí náà sì ti béèrè lọ́wọ́ ara wọn. Ní 2021, Brian Fabo, Martina Jančoková, Elisabeth Kempf àti Ľuboš Pástor gbé iṣẹ́ kan jáde tó wo ìwádìí 54 lórí ìgbà tí àwọn báńkì àpapọ̀ ń ra ìwé ẹ̀yáwó ìjọba lọ́pọ̀ yanturu láti fi ta ọrọ̀ ajé jí. Wọ́n rí i pé ìwádìí tí òṣìṣẹ́ báńkì àpapọ̀ kọ ń sọ pé ètò náà ṣiṣẹ́ gan-an ju bí ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ṣe sọ lọ, àti pé òṣìṣẹ́ báńkì tí ìwádìí rẹ̀ rí ipa ńlá a máa tètè rí ìgbéga. Èyí burú, kò sì yẹ ká bò ó. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó pé àwọn kan lára àwọn mẹ́rin tó kọ iṣẹ́ yìí gan-an ń ṣiṣẹ́ ní báńkì àpapọ̀. Lórí ìbéèrè tiyín, èyí tó kan èlé, àwọn tí mo dárúkọ pé wọ́n ṣe iṣẹ́ tó lágbára jù, bí Sims àti tọkọtaya Romer, yunifásítì ni wọ́n ti ń jẹun. Bí mo bá ń ka irú ìwádìí yìí, mo máa ń wo ibi tí òǹkọ̀wé ti ń ṣiṣẹ́ ṣáájú, mo sì máa ń wò ó bóyá ẹlòmíì tí kò gbowó níbẹ̀ ti rí ohun kan náà.

Ohun tí ìwádìí kò lè ṣe pọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ó fi ọ̀nà tí èlé ń gbà hàn. Bí agbára rẹ̀ ṣe tó ni wọn ò fohùn ṣọ̀kan lé. Olivier Coibion fi hàn ní 2012 pé ọ̀nà ìṣirò àwọn Romer rí ipa tó tóbi lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà ju èyí tí àwọn míì rí, òun fúnra rẹ̀ sì parí rẹ̀ sí àárín. Nígbà tí ọ̀wọ́ngógó Amẹ́ríkà já láti 9.1% ní June 2022 sí 3% ní June 2023, tí àìríṣẹ́ṣe kò sì fi bẹ́ẹ̀ gòkè, àwọn onímọ̀ ń jiyàn títí di òní bóyá èlé ló ṣe é tàbí pé ọkọ̀ òkun àti ilé iṣẹ́ tí àrùn COVID dá dúró ló padà sẹ́nu iṣẹ́. Èlé kò lè wa epo jáde nínú ilẹ̀, kò sì lè mú ogun parí. Ó sì ní iye tó ń ná àwọn ènìyàn. Nígbà tí Paul Volcker, olórí báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà, fi èlé ja ọ̀wọ́ngógó ibẹ̀, tó wà ní 14.8% ní March 1980, ọ̀wọ́ngógó náà wá sí nǹkan bí 3% ní 1983, ṣùgbọ́n àìríṣẹ́ṣe ti dé 10.8% kí 1982 tó parí. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ọ̀nà yìí ṣiṣẹ́ láì mẹ́nu ba àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn kò tíì sọ gbogbo òótọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ tún ìṣirò yín ṣe, nǹkan mẹ́ta péré ni kí ẹ yí padà. Ẹ yọ ọ̀wọ́ngógó tí àwọn ènìyàn ń retí kúrò nínú èlé kí ẹ tó fi orílẹ̀-èdè kan wé èkejì. Ẹ má fi èlé oṣù yìí wé ọjà oṣù yìí. Ọjà ọdún kan ààbọ̀ sí ọdún méjì ààbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ fi wé e. Ẹ sì wá àsọtẹ́lẹ̀ tí báńkì ní lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó ṣe ìpinnu. Ti Amẹ́ríkà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ka báńkì àpapọ̀ wọn tó wà ní Philadelphia ló kó o jọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1969 bí àwọn Romer ti ṣe, kí ẹ sì tún kọ̀wé sí mi bí ohun tí ẹ bá rí bá yàtọ̀ sí tiwọn.